Ọjọ́ Mẹ́fà tí Ọ̀mọ̀wé Kò Wo Oòrùn

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fún wa ní omi, tó sì fún wa ní ọgbọ́n tí a fi ń fà á wọlé. Ẹ fetí sílẹ̀.

"Kọ ọ́ jàre, ká máa lọ! Ṣebí oòrùn àná náà ló máa ràn lọ́la?"

Ọ̀rẹ́ Ọ̀mọ̀wé ló ń yọ ọ́ lẹ́nu lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì aránṣọ tó ń gbé ilé kejì. Ìyá àgbà tó tọ́ ọmọbìnrin náà dàgbà ló sọ ọ́ ní Ọ̀mọ̀wé. Olùkọ́ ní kó fi ọjọ́ méje-méje wo bí iná mànàmáná, jẹnẹrétọ̀ àti sólà ṣe ń fa omi kún táǹkì. Ó wo méjì àkọ́kọ́ dáadáa. Sólà aránṣọ, ọjọ́ kan péré ló wò ó: wákàtí kan, táǹkì kún. Lọ́jọ́ kejì, ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Ó bá kọ "wákàtí kan" sí ọjọ́ mẹ́fà tó kù.

Ó gba ipò kìíní ní kíláàsì. Ìyá àgbà fi ayọ̀ gbé ìwé náà lọ fún ìyá onílé.

"Ọmọ ilé wa ti wádìí ẹ̀!" ni ìyá onílé wí. Ó ta jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi ilé, ó ra sólà.

Òjò dé. Ìjì wó òpó iná, oòrùn ò sì yọjú fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko. Ẹ̀rọ omi ò mira.

"Ọ̀mọ̀wé, gbé ìwé ẹ wá ká fún un bí aṣọ tútù, bóyá omi á jáde!" ni àwọn ayálégbé ń wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, kí ọmọ má baà pẹ́, ìyá àgbà gbé korobá, ó sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹrin lọ sídìí kànga. Bó ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Dókítà ní kò ní rìn mọ́.

Ọ̀mọ̀wé kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ìyá àgbà, irọ́ ni mo kọ. Mi ò wo ọjọ́ mẹ́fà yẹn."

Ìyá àgbà ò bínú. Ì bá sàn kó bínú. "Mo rí ìkùukùu yẹn lójú fèrèsé," ló wí. "Mo ní, kí lèmi mọ̀? Ọmọ mi kàwé, ó rí ohun tí mi ò rí."

Ó yíjú sí ògiri.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń bá a. Ṣùgbọ́n ìbàdí ta ni yóò ti ṣẹ́ kó tó bá a? Ohun tí o kò bá wò, má ṣe kọ ọ́. Kí Olúwa fi òtítọ́ sí ọ lọ́wọ́, kí ẹni tó gbọ́kàn lé ọ má ṣubú. Àmín.