Ọkọ̀ Òfuurufú Tó Wá Gbé Kóòṣì

"Kóòṣì, ọdún mélòó lo fẹ́ lò lọ́dọ̀ wa?"

Leota, olùtọ́jú ẹgbẹ́, ló béèrè, níbi tó ti ń di ọrùn ẹsẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú wọn ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Wendell Hatch dé láti wá máa kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gba orí pápá lọ. Ẹ̀rín yẹn wọ Leota lára.

"Ṣọ́ra o," ni Ardis, ìyá rẹ̀, wí. "Kóòṣì ni bàbá rẹ. Bí a ṣe ń kó wọ ìlú kan la ń kó kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ kóòṣì, ẹrù dídì ló fẹ́."

"Màmá, tèmi yàtọ̀."

"Ohun témi náà sọ fún ìyá mi nìyẹn."

Ìfẹ́ kì í gbọ́ ìkìlọ̀. Kí wọ́n tó kórè àgbàdo tán, kò sẹ́ni tí kò mọ ilé tí Wendell ti ń mu kọfí àárọ̀. Ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé ń lù bí aṣọ òfì wá bẹ̀rẹ̀ sí í na àwọn tó ń nà án.

Ní Oṣù Kejìlá, lẹ́yìn ìdíje tó kẹ́yìn, ọkọ̀ òfuurufú yunifásítì ńlá kan balẹ̀ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú ìlú. Ta ni kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀? Bí yunifásítì ńlá bá fẹ́ gba kóòṣì ẹgbẹ́ kékeré, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ń wá gbé e. Onígbàjámọ̀ fi orí oníbàárà sílẹ̀ láàbọ̀: "Hatch ti lọ nìyẹn!"

Leota pe Wendell títí. Ó ti pa fóònù.

"Ṣebí mo sọ ọ́?" ni Ardis wí, àmọ́ òun ló ń sunkún.

"Ẹ nujú, Màmá. Bó bá máa lọ, á wojú mi kó tó lọ." Leota mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Kò tíì dé pápá ọkọ̀ òfuurufú tó fi rí Wendell gedegbe láti ojú títì, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àgbẹ̀ kan, tó ń jẹ páì pẹ̀lú ìyá ọmọ tó fẹ́ mú wọ ẹgbẹ́.

"Wendell! Wọ́n ń dúró dè ọ́!"

"Pruett igbákejì mi ni wọ́n wá gbé. Èmi ti ní mi ò lọ."

"Fóònù rẹ ńkọ́?"

"Mi ò kì í tan fóònù nílé ìyá ọmọ tí mo bá fẹ́ mú wọ ẹgbẹ́, olólùfẹ́ mi."

Ìyá ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, àṣé o ò mọ̀? Ó ní òun ò kúrò níbí títí ọmọ mi á fi gboyè. Gbogbo ìyá tó wà lójú títì yìí ló ti ṣèlérí fún."

Leota wo ilé tó tò lọ lápá ọ̀tún, ó wo ti òsì. Ó yíjú sí Wendell.

"Ó ku èmi. Sọ tèmi."

Wendell gbé àwo páì sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, ó sì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ṣé wàá fẹ́ mi, ká jọ wà níbí títí ayé?"