Bẹ́líìtì Tí Monínúọlá Kò Fọ̀

"Monínúọlá, gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Ayọ̀bámi, kí o lọ fọ̀ ọ́," ni Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè, kóòṣì wọn, wí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Nọ́ńbà tó wà lórí fóònù rẹ̀ ló ń wò, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ ti Ìgèdè dé ni. Wọ́n nà gbalaja sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ayọ̀bámi nìkan ló ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀wù, ó tú bẹ́líìtì náà kúrò láyà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án síwájú. Bẹ́líìtì ọ̀hún rin gbingbin fún òógùn.

"Ẹ ṣé, Síníọ̀," ló wí, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀.

Ẹ ṣé ti kí ni? Monínúọlá fi ìka méjì gbé e bí ẹni gbé òkú eku, ó sì kọrí sí ìdí ẹ̀rọ omi. Bó ṣe ń lọ ni Olúwatóyìn, ọmọ kíláàsì rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá wo nǹkan o! Síníọ̀ ń fọ òógùn júníọ̀! Ọjọ́ wo lo máa bá a fọ ìbọ̀sẹ̀?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre," ni Monínúọlá dáhùn. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò dùn, àmọ́ etí rẹ̀ ń gbóná.

Kí ẹ tó bá a wí, ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ ná. Bẹ́líìtì yìí yàtọ̀ sí èyí tí à ń so mọ́ ṣòkòtò. Àyà ni wọ́n ń so ó mọ́, kó lè máa ka bí ọkàn ẹni ṣe ń lù téèyàn bá ń gun kẹ̀kẹ́. Ohun kékeré kan tó dà bíi bọ́tìnnì ńlá wà níwájú rẹ̀, òun ló ń fi iye náà ránṣẹ́ sórí fóònù kóòṣì. Ọ̀kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ ní. Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan ló fi í ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè wo ojú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, Monínúọlá ló gbé e lé lọ́wọ́, torí ọmọ tí nǹkan kì í bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ọmọ náà sì tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́. Tí wọ́n bá ti ti òde dé, á yọ bọ́tìnnì náà kúrò lára bẹ́líìtì kí bátìrì rẹ̀ má baà kú, á fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Á wá fi omi tó mọ́ ṣan bẹ́líìtì títí iyọ̀ òógùn á fi jáde. Á rọra fún un láìlọ́ ọ, á sì sá a síbi tí oòrùn kò ti ní dé e. Ó ní abọ́ tirẹ̀ tó yà sọ́tọ̀ fún un, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi abọ́ yẹn bu omi mu. Ṣé ẹ rí i, nígbà yẹn, àyà tirẹ̀ ni bẹ́líìtì máa ń wà. Òun ló yára jù nínú àwọn obìnrin.

Àfi bí Ayọ̀bámi ṣe dé. Ọmọ SS1 lásánlàsàn tó ti ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìgèdè wá, ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ẹ wá wò ó lórí òkè! Ibi tí àwọn yòókù ti ń bọ́ sílẹ̀ tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́, ṣe lòun máa ń gùn ún lọ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́ tí bẹ́líìtì fi kúrò láyà Monínúọlá, ó di ti Ayọ̀bámi. Fífọ̀ nìkan ló kù sí Monínúọlá lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ máa fi ránṣẹ́ sí ìdíje kẹ̀kẹ́ tí wọ́n máa gùn láti Fájuyì ní ìlú wọn lọ sí Ìgèdè, àlọ àti àbọ̀. SS2 ni Monínúọlá wà. Ilé ẹ̀kọ́ wọn kì í jẹ́ kí ọmọ SS3 lọ síbi eré ìdárayá nítorí WAEC. Tí kò bá lọ lọ́dún yìí, ó tán nìyẹn.

Ìlara wá ń jẹ ẹ́ tọ̀sán-tòru. Bí Kóòṣì bá ní, "Ayọ̀bámi, o káre," ṣe ló ń dà bíi pé wọ́n fi ata sí i lójú. Kódà, kíkúnlẹ̀ tí ọmọ náà ń kúnlẹ̀ kí i ń bí i nínú. Ojú ayé ló ń ṣe, ni Monínúọlá ń sọ nínú ara rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ojú ayé ni?

Nídìí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ náà, ó ṣí omi, ó tún tì í pa. Ó ká bẹ́líìtì jọ pẹ̀lú bọ́tìnnì lára rẹ̀, ó rọ ọ́ sínú ọ̀rá dúdú, ó sì di ẹnu ọ̀rá náà pinpin.

"Mi ò bà á jẹ́," ló sọ fún ara rẹ̀. "Mi ò kàn fọ̀ ọ́ ni."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí ó fi mọ́ ọn lára. Tí wọ́n bá tún fẹ́ gun kẹ̀kẹ́, á fi aṣọ tútù nu iwájú rẹ̀ kó lè dán lójú Kóòṣì. Inú rẹ̀ tó ń kan ara ni iyọ̀ ń gan mọ́, ta ló sì ń wo inú?

Ní ọ̀sẹ̀ tí Kóòṣì fẹ́ mú orúkọ ẹni tó máa lọ jáde, wọ́n ń gun òkè ọ̀nà Ìyìn lọ. Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà, ó ń tẹ̀ lé wọn, ojú rẹ̀ wà lórí fóònù. Ló bá pariwo lójijì.

"Ayọ̀bámi! Dúró! Mo ní kí o dúró!"

Nọ́ńbà ti fò kọjá igba, ó já wálẹ̀, ó tún fò sókè. Ayọ̀bámi sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí koríko etí títì. Síbẹ̀, nọ́ńbà náà kò sinmi.

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí, sà," ni ọmọ náà ń sọ.

"Bóyá bẹ́líìtì ni, sà," ni Òjó, olórí ẹgbẹ́ wọn, wí.

"Bẹ́líìtì kẹ̀?" Kóòṣì mi orí. "Ọwọ́ Monínúọlá ló wà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kì í fi iṣẹ́ ṣeré."

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí Monínúọlá ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, bí àyà rẹ̀ ṣe ń já náà ni inú rẹ̀ ń dùn lábẹ́lẹ̀. Ó pa ẹnu mọ́, ó sì bá wọn ti kẹ̀kẹ́ Ayọ̀bámi dé ilé wọn ní Òkè-Ìlá.

Folúkẹ́, ìyá Ayọ̀bámi, ń rán yunifọ́ọ̀mù nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. Kóòṣì kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí téèpù fi bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ẹ má dá a lẹ́bi o. Ọkọ rẹ̀, Olùkọ́ Ayọ̀rìndé, ló ṣubú níwájú bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kan tí kò dìde mọ́. Ọkàn ni wọ́n ní ó dá iṣẹ́ sílẹ̀.

"Ó tó gẹ́ẹ́!" ló ké. Ẹ̀rù ti jẹ́ kí ohùn Èkìtì rẹ̀ yọ síta. "Ulé lo máa jókòó sí! Ulé!"

Ó ti kẹ̀kẹ́ wọ yàrá, ó tì í mọ́bẹ̀, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sí àpò. Nọ́ọ̀sì tó yẹ Ayọ̀bámi wò ní òun kò gbọ́ ohun tó burú, àmọ́ kí wọ́n dúró de dókítà ọkàn. Ìdíje á sì ti kọjá kó tó kàn wọ́n. Ayọ̀bámi kò sunkún. Ó kàn ń wo ilẹ̀kùn yàrá yẹn ṣáá.

Ó dun Monínúọlá, ó dùn ún díẹ̀. Àmọ́ nígbà tí Kóòṣì ní, "Monínúọlá, ìwọ lo máa lọ," gbogbo ìyẹn fò lọ lórí rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí bẹ́líìtì mọ́, àfìgbà tí Kóòṣì ní kó lọ so ó mọ́ra kí àwọn wo tirẹ̀. Ó wọ yàrá àwọn obìnrin, ó yára bomi sí inú rẹ̀, ó so ó. Ó le kankan láyà rẹ̀ bí awọ gbígbẹ.

Kò tíì gun kẹ̀kẹ́ rárá tí nọ́ńbà fi fò kọjá igba.

"Ìwọ náà kẹ̀?" ni Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè ké. "Yéè! Àbí ẹ̀rọ yìí ló bàjẹ́? Monínúọlá, wò mí lójú. Ṣé ò ń fọ̀ ọ́?"

Gbogbo ojú yí sí i. Tó bá ní rárá, wọ́n á pe Ayọ̀bámi padà kíá, òun á sì jókòó sílé. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn méjèèjì ni kò ní lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí ìlara sọ sí i létí: bí mi ò bá lọ, kí òun náà má lọ.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń fọ̀ ọ́, sà."

"Ó dáa." Kóòṣì mí kanlẹ̀. "Máa lọ sílé. Mi ò lè fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Ẹ̀yin méjèèjì, ó di ìgbà tí dókítà bá rí yín."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ilé àwọn Monínúọlá. Ayọ̀bámi ni, ó gbé ọsàn dání nínú ọ̀rá.

"Síníọ̀, wọ́n ní ó ń ṣe ẹ̀yin náà." Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bẹ̀rù. Mo ti bẹ màmá mi. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ dókítà, àwọn á mú àwa méjèèjì lọ."

Monínúọlá mú un wọ pálọ̀, ó sì jókòó.

"Ohun kan wà tí mo ti fẹ́ sọ tipẹ́, ojú ló ń tì mí," ni ọmọ náà ń bá a lọ. "Kò yẹ kí ẹ̀yin máa fọ òógùn mi. Síníọ̀ mi ni yín. Mo máa ń fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín kí n fọ̀ ọ́ fúnra mi, àmọ́ mo ń bẹ̀rù kí ẹ má lọ rò pé mi ò fọkàn tán yín."

Háà! Kí ilẹ̀ lanu ni Monínúọlá ń fẹ́. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó gbé ọ̀rá dúdú jáde. Ó tú u, ó yí inú bẹ́líìtì síta. Iyọ̀ funfun gan mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo pálọ̀.

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́," ló wí. "Kò sí nǹkan tó ń ṣe èmi náà. Mi ò fọ̀ ọ́ ni. Mo ṣe ìlara rẹ, mo sì parọ́ fún Kóòṣì."

Ayọ̀bámi wo bẹ́líìtì náà, ó wò ó, ó tún wò ó.

"Màmá mi kì í sùn mọ́," ló wí níkẹyìn. "Tí mo bá ti sùn, wọ́n á wá gbé etí lé mi láyà."

Ó gbé ọsàn sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò kúnlẹ̀. Kò sì pe ẹnikẹ́ni ní Síníọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Monínúọlá lọ pe Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè fúnra rẹ̀, wọ́n jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Òkè-Ìlá. Ó ro gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́. Ó bu omi sínú abọ́ rẹ̀, ó ṣan bẹ́líìtì náà níwájú wọn, omi àkọ́kọ́ dọ̀tí, èyí tó tẹ̀ lé e dọ̀tí, títí omi fi mọ́ kedere. Kóòṣì fi bátìrì tuntun sí bọ́tìnnì. Ayọ̀bámi so ó mọ́ àyà, ìyá rẹ̀ sì di fóònù mú gírígírí.

"Kí ló ń wí?" ni obìnrin náà béèrè. "Ẹ bá mi wò ó, mi ò fẹ́ wò ó."

"Ó dára, mà," ni Kóòṣì dáhùn. "Ó rọra ń lù, bó ṣe yẹ kó rí lára ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́."

Folúkẹ́ jókòó wọ̀ọ̀ sórí àga ìránṣọ rẹ̀, ó sunkún, ó sunkún. Nígbà tó parí, ó kọjú sí Monínúọlá.

"Ìwọ ọmọ yìí, o sin ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì."

Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ lápò, ó lọ ṣílẹ̀kùn yàrá kẹ̀kẹ́. Ẹkún ni Monínúọlá ń sun bó ṣe dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, kò tiẹ̀ rántí pé obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀.

"Òjó sọ ọ́ lójú mi pé bẹ́líìtì ni," ni Kóòṣì sọ fún un lọ́nà. "Mo ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí pé ọwọ́ rẹ ló wà." Ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ayọ̀bámi ṣe ipò kẹta nínú ìdíje náà. Nígbà tó padà dé Fájuyì, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gbé e sókè, wọ́n ń pariwo. Monínúọlá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrò pẹ̀lú abọ́ omi mímọ́ lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Nígbà tí èrò dín kù, Ayọ̀bámi tú bẹ́líìtì lábẹ́ ẹ̀wù. Monínúọlá na ọwọ́.

"Mú un wá, kí n bá ọ fọ̀ ọ́."

Ayọ̀bámi wò ó. Inú kò bí i, àmọ́ kò na bẹ́líìtì náà sí i.

"Ẹ má ṣèyọnu, Síníọ̀. Màá fọ̀ ọ́ fúnra mi."

Ó yọ bọ́tìnnì, ó nù ún, ó ti bẹ́líìtì bọ inú abọ́, ó ń ṣàn án jẹ́jẹ́. Monínúọlá bá a gbé abọ́ dání. Ibẹ̀ ló ti yé e pé ipò ìdíje yẹn kò fìgbà kan jẹ́ tòun. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni ìlara gbà lọ́wọ́ rẹ̀: pé èèyàn lè gbé nǹkan lé e lọ́wọ́ kó máa lọ láìbojú wẹ̀yìn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kà á, tí ìlara bá ń sọ̀rọ̀ sí yín létí, ẹ rántí bẹ́líìtì yìí. Ọjọ́ mélòó kan téèyàn fi iṣẹ́ tí wọ́n fọkàn tán an fún ṣeré lè ba ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́, ìdáríjì pàápàá kì í dá gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà.

"Má lọ́ ọ o," ni Monínúọlá rọra wí. "Fún un jẹ́jẹ́."

"Mo mọ̀," ni Ayọ̀bámi dáhùn. "Mo máa ń wò yín nígbà tí ẹ ṣì ń fọ̀ ọ́."