Òṣùpá Mẹ́rin Inú Yàrá Bàbá

Ọjọ́ tí wọ́n sin atúnaagoṣe, gbogbo aago inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí kò sí ẹni tó ń yí kọ́kọ́rọ́ ìdí wọn mọ́. Ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tó kọ aránṣọ, àbíkẹ́yìn rẹ̀, lóminú ni èyí tó wà nínú yàrá. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí bàbá kò fi tọrẹ, tí kò sì tà, ṣì ń yí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ ó ń yára ju bó ṣe ń ṣe nígbà tí bàbá wà láyé lọ.

Júpítà, pílánẹ́ẹ̀tì ńlá ojú ọ̀run, ni bàbá fi idẹ ṣe sí àárín ẹ̀rọ náà, ó tóbi tó orí ọmọ tuntun. Apá wáyà mẹ́rin yọ láti ìdí rẹ̀, ọ̀kan gùn ju ọ̀kan lọ, ìṣù idẹ róbótó kan sì wà ní ṣóńṣó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn òṣùpá rẹ̀ nìyẹn. Òṣùpá Júpítà pọ̀ ju mẹ́rin lọ dáadáa, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni bàbá fi awò awọ̀nàjíjìn rẹ̀ rí láti orí òrùlé, ó sì ní ọmọ tí òun ò bá fojú rí, ọmọ ẹlòmíì ni. Bí ẹnikẹ́ni bá pòwe Àgùàlà tó ń bá oṣù rìn, tí wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni, bàbá á rẹ́rìn-ín, á ní ti Júpítà yàtọ̀: àwọn tirẹ̀ so mọ́ ọn. Wọ́n á lọ sẹ́yìn rẹ̀ títí ojú ò ní rí wọn mọ́, wọ́n á sì tún yọ. Júpítà kì í pàdánù ọmọ.

Nǹkan kan wà nínú ìṣù kọ̀ọ̀kan tó ń ró bí wọ́n ṣe ń yí. Kó, kó, kó. Láti kékeré ni aránṣọ ti ń fi ohùn yẹn sùn, kò sì béèrè ohun tó jẹ́ rí.

Ìsìnkú ló bá wá. Ọkọ rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo wà ní ìlú tiwọn, ibi tí ọkọ̀ ń fi gbogbo ọjọ́ rìn kó tó dé. Ọmọ náà ṣì kéré. Bó bá ti ti ilé ìwé dé, ẹnu géètì ló máa ń lọ dúró sí, tí á máa wo òpópónà bóyá ìyá òun ń bọ̀. Bàbá rẹ̀ ló sọ èyí lórí fóònù, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí kò fẹ́ kó dà bí ẹ̀sùn.

Kì í ṣe pé aránṣọ kò gbìyànjú láti padà sílé. Ó kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì, oorun sì gbé e lọ. Nígbà tó jí, òórùn búrẹ́dì gbígbóná ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó lajú, ó rí i pé iwájú ilé búrẹ́dì ẹ̀gbọ́n òun, ní òpópónà bàbá wọn, ni ọkọ̀ dúró sí. Awakọ̀ ní afárá ti já, òun ti ṣẹ́rí padà. Kò sí èrò kan tó ráhùn. Wọ́n kàn jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń wò ó kó sọ̀kalẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó wọ rélùwéè, ó sì búra pé òun ò ní sùn. Ó lẹ ojú mọ́ fèrèsé. Pápá kọjá, ilé iṣẹ́ bíríkì kọjá, pápá tún kọjá. Lábẹ́ àga rẹ̀ ó ń gbọ́ kó, kó, kó, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé irin ojú ọ̀nà ni. Nígbà tó rí orúkọ ìlú ọkọ rẹ̀ lára ògiri ibùdókọ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé báàgì, ó jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó yà sọ́wọ́ òsì, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ló já sí. Òróró aago ló ń rùn lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò fọwọ́ kan òróró kankan.

Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Oníbúrẹ́dì, ó sì rò ó fún un láti orí dé ìdí. Àǹtí kò dáwọ́ ìyẹ̀fun tó ń pò dúró.

"Ṣé o ò ṣàkíyèsí," ni Àǹtí wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "pé Bàbá ò sìn ẹ́ dé ibùdókọ̀ rí?"

Aránṣọ ní òun rò pé ẹsẹ̀ ló ń dun bàbá ni.

"Ẹsẹ̀ wo? Inú yàrá yẹn ni wọ́n máa ń wà. Wọ́n á fi ìka dá nǹkan yẹn dúró, wọn ò ní jẹun, wọn ò ní mumi, títí o máa fi pè pé o ti délé. Ìka wọn nìkan ló máa ń gbọ́. Mo ti gbìyànjú tèmi láti ọjọ́ ìsìnkú. Wò ó." Ó na ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun, aránṣọ sì rí ojú ọgbẹ́ tó gba ìka mẹ́ta kọjá.

Ibẹ̀ ni Àǹtí ti là á yé e. Nígbà tí ìyá wọn lọ tí kò padà, bàbá ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, ó sì rọ ẹ̀rọ náà. Eyín àkọ́kọ́ tó bọ́ lẹ́nu ọmọ kọ̀ọ̀kan ló wà nínú ìṣù kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, kò sí èyí tó rìn jìnnà nínú wọn, àfi aránṣọ tí bàbá ń dá ẹ̀rọ dúró fún. Òun ń ṣe búrẹ́dì ní òpópónà kan náà. Àbúrò òun ọkùnrin, onígbàjámọ̀, kò kọjá igun òpópónà. Àkọ́bí, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Onílọ́rì, ń kó yanrìn kiri, ṣùgbọ́n ilé ló ń sùn.

"Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é," ni Àǹtí wí. "Má fọwọ́ kàn án o."

Ta ni yóò gbọ́ irú ìyẹn, tí ọmọ rẹ̀ ń dúró sí ẹnu géètì, tí kò ní fọwọ́ kàn án? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bọ̀ọ̀dá Onílọ́rì yà wá jẹ búrẹ́dì kó tó lọ sídìí iṣẹ́. Ó wo àbúrò rẹ̀ tó di ẹrù sílẹ̀, ó ní, "Aránṣọ, àṣé ìwọ náà ti di aṣọ tí oníbàárà ò wá gbà." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ju bí ó ṣe lè sọ lọ.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, tí Àǹtí wà nídìí ààrò, aránṣọ mú irin tín-ín-rín tí bàbá fi ń tú nọ́ọ̀tì aago, ó sì wọ yàrá. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rò ó pé èwo ni tòun. Nídìí oúnjẹ, àkọ́bí ló ń jókòó ti bàbá, àbíkẹ́yìn a wà ní ìkángun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jókòó jálẹ̀ ìgbà èwe wọn. Ó dúró de èyí tó wà lókèèrè jù, èyí tó ń rìn bí ẹni tó jẹun yó, ó sì tú nọ́ọ̀tì rẹ̀.

Ìṣù idẹ náà bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ta, kò sì yà. Ó yí gbọnrangandan jáde ní ẹnu ọ̀nà, ó la àgbàlá kọjá. Aránṣọ sáré tẹ̀ lé e. Òpópónà ibẹ̀ gun òkè, ìṣù náà sì ń gùn ún lọ, kò sáré, kò dẹwọ́, títí ojú kò fi rí i mọ́.

Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. Ó gbé báàgì, ó kọrí sí ibùdókọ̀, ó ti ń ro ohun tí òun máa sè fún ọmọ rẹ̀ lálẹ́. Ó dé igun òpópónà, ó yà, òórùn búrẹ́dì sì pàdé rẹ̀. Ó padà, ó gba ọ̀nà kejì, ilé búrẹ́dì kan náà ló já sí.

Àǹtí dúró ní ẹnu ọ̀nà, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn Bọ̀ọ̀dá Onílọ́rì sì ń jáde nínú rẹ̀.

"Mi ò lè yà," ni ohùn náà ń wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ dẹ́rù ba ọmọdé. "Mo yí sítíárì, ọkọ̀ ò yí. Bíréèkì ò mú. Epo ti tán, ó ṣì ń lọ. Ẹ má bínú, ẹ̀yin àbúrò mi, mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí." Ó tún sọ nǹkan kan tí wọn kò gbọ́, ìlà sì já.

Àǹtí wo báàgì ọwọ́ àbúrò rẹ̀. "Èwo lo tú?"

"Èyí tó wà lókèèrè jù. Tèmi ni."

"Ta ló sọ fún ẹ pé tìẹ ni?" Ẹkún ti wà nínú ohùn rẹ̀. "Ọjọ́ tí màmá lọ, ta ló sáré tẹ̀ lé wọn dé òpópónà? Ìwọ ni. Ìwọ ni ẹ̀rù ń ba Bàbá jù pé wọ́n máa pàdánù. Ṣé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa fi sí ìta? Ọ̀dọ̀ ara wọn ni wọ́n fi ẹ́ sí."

Àǹtí sáré lọ pe onígbàjámọ̀ kó gbé alùpùpù rẹ̀, bóyá wọ́n á bá lọ́rì náà. Òun àti aránṣọ mọ̀ pé wọn kò ní bá a.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí aránṣọ tó padà sínú yàrá. Ìṣù tó sún mọ́ Júpítà jù ń sáré yí i ká, kó, kó, kó, kò sinmi. Tòun nìyẹn, eyín òun nìyẹn. Irin bàbá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá tú u, kò ní sí ohun tó máa fà á padà mọ́. Ó tẹ irin náà mọ́ ojú nọ́ọ̀tì. Fóònù rẹ̀ dún, ọmọ rẹ̀ ni.

"Mọ́mì, Bọ̀ọ̀dá Onílọ́rì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níwájú ilé wa."

Aránṣọ béèrè bóyá wọ́n dúró.

"Wọn ò dúró. Wọ́n ń juwọ́ sí mi, wọ́n ń pe orúkọ mi. Dádì sáré tẹ̀ lé wọn, wọn ò bá wọn. Bọ̀ọ̀dá ń sunkún, Mọ́mì."

Nọ́ọ̀tì náà ti dẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó bọ́.

"Mọ́mì, tí ẹ̀yin náà bá ń bọ̀, ẹ máa dúró, àbí?"