Ọjọ́ Òjò tí Rédíò Dákẹ́

Òjò ló fà á. Ká ní oòrùn ràn lọ́jọ́ náà, bóyá wọn ì bá má bá ara wọn sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ.

Bọ́ọ̀sì já àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan nílẹ̀ òkèèrè, tó ti wà láti ayébáyé, ó sì yí padà lọ. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, ti gbàgbé agboòrùn rẹ̀ sínú ọkọ̀. Rédíò ni wọ́n ń pè é, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò kúrò nílùú bàbá rẹ̀ nìyí.

Ó ń sáré kiri bí adìyẹ tí òjò pa, àfi bí òjò ṣe dédé dá lórí rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí agboòrùn dúdú kan. Ẹni tó mú un dání ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Bópẹ́bóyá. Akólòlò ni, òwe sì ti sọ pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá. Ó na agboòrùn sí ọmọbìnrin náà débi pé òjò ti mú èjìká tirẹ̀ rin gbingbin.

"Òjò ń pa ẹ́ kẹ̀," ni Rédíò wí.

"Ó... ó... ó máa gbẹ."

Wọ́n jọ wọlé. Àwọn òpó òkúta ga lọ sókè bí igi inú igbó kìjikìji. Àjà jìnnà débi pé ẹyẹ kan ń fò níbẹ̀, wọn ò gbọ́ ìró ìyẹ́ rẹ̀. Òjò ń ṣàn lára àwọn gíláàsì aláwọ̀, pupa àti búlúù sì ń rìn nílẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ náà ń mí. Olùkọ́ ní ọ̀pọ̀ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ni kò rí òpin rẹ̀, àrọ́mọdọ́mọ wọn ló parí rẹ̀. Rédíò la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde.

Bópẹ́bóyá wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ré... Rédíò ti kú?"

"Bátìrì ló tán," ni Rédíò dáhùn kẹ́lẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí olùkọ́ fi fojú bá wọn wí.

Láti ibẹ̀, wọn ò ya ara wọn mọ́. Abẹ́ agboòrùn kan náà ni wọ́n gbà kọjá lórí afárá, tí wọ́n sì gba àwọn òpópónà olókùúta tó ń dán yinrinyinrin nínú òjò.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n kó gbogbo wọn lọ wo eré orí ìtàgé. Àga àrán pupa ni wọ́n jókòó lé. Iná kú, aṣọ ńlá ká kúrò, òkun sì wà níwájú wọn! Aṣọ lásán ni, iná lásán ni, síbẹ̀ Rédíò fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kí omi má baà kàn án. Lẹ́yìn náà, òkun náà yí kúrò, ó ku yàrá tóóró kan, bàbá àgbàlagbà kan àti ìyàwó rẹ̀.

Èdè ibẹ̀ ni wọ́n ń sọ, Rédíò ò sì gbọ́ ju "ẹ ṣé" lọ. Ṣùgbọ́n Bópẹ́bóyá ti kọ́ èdè náà tipẹ́. Ó tẹ̀ sí etí rẹ̀, ó ń túmọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Afọ́jú ni ìyàwó yẹn. Kò sóhun tó fẹ́ràn bí òkun. Wọ́n ti kó wá sí ìgboro, ọkọ ò sì jẹ́ kó mọ̀. Àràárọ̀ ló ń rú omi nínú abọ́ ńlá, kí ìyàwó lè máa gbọ́ ìró ìgbì. Ní báyìí, ìyàwó ní, 'Olówó orí mi, mo ti mọ̀ tipẹ́. Ìwọ ni mò ń gbọ́, kì í ṣe òkun.'"

Omi bọ́ lójú Rédíò. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fura pé ohùn tó ń sọ̀rọ̀ létí òun kò tíì kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó yíjú wò ó nínú òkùnkùn bí ẹni tó rí iṣẹ́ ìyanu. Ṣọ́ọ̀ṣì àárọ̀ àti òkun orí ìtàgé di kékeré lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, Rédíò bi í léèrè ìdí tí ohùn rẹ̀ kò fi kọsẹ̀.

"Tí... tí mo bá ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, kì í mú mi," ni Bópẹ́bóyá wí. "Ṣù... ṣùgbọ́n ta ló lè máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ títí ayé?"

"Má sọ ọ́ kẹ́lẹ́ fún mi o, ọ̀wọ́n. Sọ ọ́ bó ṣe ń wá. Màá dúró gbọ́."

Nígbà tí wọ́n padà sílé, Rédíò sọ fáwọn òbí rẹ̀ pé òun ti rí ẹni tí òun máa fẹ́. Bàbá rẹ̀ ní òun fẹ́ rí ọmọkùnrin náà. Ìyá rẹ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀.

"Nínú gbogbo ọkùnrin tó wà láyé, akólòlò lo rí mú wálé? Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà! Kí ni màá sọ fẹ́bí?"

"Màámi, ẹ sọ pé mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀."

"Ìfẹ́ kọ́ ló ń bá àna sọ̀rọ̀. Ẹnu ni."

Síbẹ̀, Bópẹ́bóyá wá lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan. Ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì dúró láàárín pálọ̀.

"Ẹ... ẹ mà... màmá, mo f... mo f..."

"O fẹ́ fẹ́ ọmọ mi," ni ìyá já a gbà lẹ́nu rẹ̀. "A ti gbọ́. Jókòó."

Òógùn bo ọmọkùnrin náà, ṣùgbọ́n kò jókòó. "Ẹ... ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, mà. Ní k... kíláàsì, tí mo bá dìde k... kàwé, olùkọ́ mi á ní, 'Jókòó.' Mo wá jókòó. Ọ... ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó. Ọ... ọmọ yín lẹni àkọ́kọ́ tó dúró gbọ́ mi. N ò... n ò ní jókòó lónìí."

Ọ̀rọ̀ ń yọ Rédíò lẹ́nu lọ́fun, ó bu ètè jẹ, kò ran olólùfẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. Kò sẹ́ni tó mọ iye ọmọ tí òun náà ti ní kó jókòó bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀," ó ní. "Mi ò ní já a gbà lẹ́nu ẹ mọ́."

Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán. Bàbá ló kọ́kọ́ fèsì. "Ọ̀rọ̀ tó ni èèyàn lára tó báyìí," ó ní, "irọ́ ò lè gbénú ẹ̀."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Wọ́n bi ọkọ ìyàwó bóyá ó gbà. Ọ̀rọ̀ náà há sí i lọ́fun.

"M... m..."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀. Ìyàwó ò mira, ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

Ìyá ìyàwó dìde níwájú. Ó kọjú sí gbogbo èrò, ó sì gbé ohùn tó fi ń pa kíláàsì lẹ́nu mọ́ jáde:

"Ẹ dákẹ́! Ọmọ mi ń sọ̀rọ̀."

Gbogbo gbọ̀ngàn sì dúró dè é.

"Mo gbà," ni ó wí.