Ìkíni Ọmọ Tarauni

Ẹsẹ̀ kan Motúnráyọ̀ wà lórí àtẹ̀gùn kọ́ọ̀ṣì, èkejì wà lófuurufú, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin náà ta gìrì. Kúlà ọ̀lẹ̀lẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan na ọwọ́ láti ẹnu ilẹ̀kùn, ó gba kúlà mú. Motúnráyọ̀ fúnra rẹ̀ ló di irin mú tí kò fi ṣubú.

"Kúlà lo gbà, o fi èmi sílẹ̀."

"Kúlà ò ní ọwọ́," ni ọkùnrin náà wí. "Ìwọ ní."

Ó fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu.

Ọjọ́ Sátidé ni, ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Kánò. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì máa ń ya Sátidé kan àti Sọ́ńdè kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí àwọn ẹbí lè kó ọmọ wá wo ọkọ̀ ayé àtijọ́, kí wọ́n sì wọ̀ ọ́ lọ díẹ̀. Motúnráyọ̀ ní ilé oúnjẹ ní Yòrúbà Ródù, Sabon Gari. Òun ni wọ́n pè wá ta oúnjẹ. Adéfẹ́mi, ọkùnrin tó gba kúlà, wẹ́dà ni. Òun ló jó irin àwọn àtẹ̀gùn kọ́ọ̀ṣì tó ti ya pọ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kú nígbà tí Adéfẹ́mi ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Tarauni, ní Kánò níbẹ̀, ni ìyá ti tọ́ ọ, láàárín àwọn Haúsá. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Láti sọ ọ́ jáde ni iṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ó sọ Yòrúbà Ródù di ilé oúnjẹ rẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí ebi kò pa á rárá. Motúnráyọ̀ mọ̀. Ó máa ń di ẹran mú, á ní kí ó fi Yorùbá tọrọ rẹ̀.

"Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, ẹran."

"Ìyàwó ta ni?"

"Yorùbá ni mò ń kọ́."

Nígbà tó yá, àwàdà tán nínú "ìyàwó mi" yẹn. Motúnráyọ̀ ní kí ó wá rí bàbá òun.

Bàbá rẹ̀, Adémúyìwá, tó ń ta páàtì mọ́tò, jókòó sí pálọ̀. Adéfẹ́mi bọ́ bàtà, ó wọlé, ó lóṣòó, ó tẹrí ba. "Bàbá, barka da yamma," ó fi Haúsá kí i kú ìrọ̀lẹ́.

Bàbá ń retí kí àyà Adéfẹ́mi kan ilẹ̀. Kò kàn án.

"Ṣé pálọ̀ mi jọ ṣáláńgá lójú ẹ ni?"

Adéfẹ́mi kò mọ ohun tí òun ṣe. Níbi tó dàgbà sí, ìlóṣòó yẹn ni òpin ọ̀wọ̀. Ọlọ́run nìkan ni wọ́n ń fi orí kan ilẹ̀ fún. Motúnráyọ̀ ti mọ ìkíni méjèèjì láti kékeré, kò wá sí i lọ́kàn pé ẹnìkan lè má mọ ọ̀kan.

"Ẹni tí kò lè dọ̀bálẹ̀ fún mi, n kò ní ọmọ fún un." Bàbá wọ yàrá lọ.

Lóde, Motúnráyọ̀ ní kí ó padà wọlé lọ dọ̀bálẹ̀. Adéfẹ́mi mi orí. Ó ní bàbá á mọ̀ pé wọ́n kọ́ òun ni. Ẹ̀rù ló máa rí, kì í ṣe ọ̀wọ̀.

"Ṣé o máa fi mí sílẹ̀?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n n kò ní jí ẹ gbé."

Motúnráyọ̀ náà kò ní wọ ilé ọkọ láìgba àdúrà bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú; bàbá yìí nìkan ló kù fún un. Adéfẹ́mi ṣì ń wá jẹun. Kò fi ẹran ṣe àwàdà mọ́.

Ọdún yí po, ọjọ́ ọkọ̀ ojú irin tún pé. Lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè, bàbá tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ lọ. Ibùdó yẹn ló sọ̀ kalẹ̀ sí nígbà tó kọ́kọ́ dé Kánò, tí kò mọ ẹnì kan. Arúgbó kan jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́bàá ògiri. Bàbá wò ó, ó dúró.

"Màláàmù Danladi?"

Arúgbó náà gbójú sókè. Rélùwéè ló ti ṣiṣẹ́. Òun ló rí ọ̀dọ́ Yorùbá tó sùn lórí ẹrù rẹ̀ níbẹ̀ láyé ọjọ́un, tó mú un lọ sí ilé rẹ̀ ní Fagge, tó fún un ní ẹní títí ó fi rí yàrá. Bàbá rò pé ó ti kú.

Bàbá ká agbádá rẹ̀, ó lóṣòó níwájú arúgbó náà, ó tẹrí ba. "Ranka ya dade," ó fi Haúsá ṣàdúrà ẹ̀mí gígùn fún un.

Màláàmù gbé ọwọ́ lé e lórí.

Nígbà tí bàbá fẹ́ dìde, orúnkún rẹ̀ kọ̀. Adéfẹ́mi sáré wá láti ẹnu ilẹ̀kùn kọ́ọ̀ṣì. Ó kọ́kọ́ lóṣòó kí Màláàmù, ó wá gbé èjìká rẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá láti dì mú. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, ojú ko ojú.

Bàbá wò ó. "Bí o ṣe kí mi nìyí lọ́jọ́ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Bí o ṣe ń kí bàbá tìrẹ nìyí?"

"Bàbá mi kú kí n tó mọ ìkíni."

Bàbá di èjìká rẹ̀ mú. "Gbé mi dìde." Nígbà tó nàró tán, ó ní kí Adéfẹ́mi sọ fún ìyá rẹ̀, kí ó kó ẹbí wá tọrọ ọmọ.

Ó padà sọ́dọ̀ Màláàmù. Àwọn ọmọdé ń pariwo nínú kọ́ọ̀ṣì. Motúnráyọ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn, Adéfẹ́mi jókòó tì í.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?" ni Adéfẹ́mi bi í.

"Bàbá ti sọ̀rọ̀."

"Ìwọ ni mo bi."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ ọ."

Wọ́n ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì bàbá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdáná, Adéfẹ́mi dọ̀bálẹ̀ gbọrọgidi. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe é. Màláàmù Danladi kò bá wọn débẹ̀. Wọ́n ti sin ín ní Fagge. Bẹ́ńṣì rẹ̀ ṣì wà ní ibùdó ọkọ̀.