Òwú Funfun Lórí Àwo Irinṣẹ́

Bàbá náà ṣì wà lórí àga oníṣègùn eyín. Ó la ẹnu sílẹ̀, ó ti kú. Irin kékeré tí wọ́n fi ń yí bóòtù eyín ló há sí i lọ́fun.

Ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni. Àwọn dókítà eyín ń wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ri irin mọ́ egungun àgbọ̀n, tí wọ́n á sì fi bóòtù de eyín tuntun mọ́ ọn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é fún bàbá, torí òun ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó mú un wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè sunkún.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yẹ ẹnu òkú wò. Ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ kún un. Bóòtù kan ti le dáadáa, èkejì ń mì. Kámẹ́rà wà lókè àga, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ káàdì mẹ́mọ́rì rẹ̀.

"Òun ló pa á," ni ọ̀gá olùkọ́ wí, ó nàka sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí ọlọ́pàá ti dì lọ́wọ́ mú. "Mo yí bóòtù kan, mo gbé irin tèmi padà sínú àwo. Ó ní kí òun yí èkejì, tiẹ̀ bọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń pariwo pé kí wọ́n so òwú mọ́ irin, kí wọ́n lè fi fà á jáde tó bá jábọ́. Kò so ó!"

"Mo so ó, sà! Mi ò tíì fọwọ́ kan bàbá rárá!"

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kọjú sí nọ́ọ̀sì tó dúró ní kọ̀rọ̀. "Ìwọ lo to irinṣẹ́?"

"Èmi ni, sà. Irin méjì ni mo kó síbẹ̀, ti ọ̀gá àti ti ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa lò ó ló ń so òwú. Mo kẹ̀yìn sí wọn nígbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó mi sí wàhálà."

Irin kan ló kù nínú àwo. Òwú ara rẹ̀ funfun báláú. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fọwọ́ kàn án, ó gbójú sókè. Àwòrán olùkọ́ lẹ́nu iṣẹ́, irin lọ́wọ́, gba gbogbo ògiri, àfi bíi pé ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n tìtorí ẹ̀ mọ ògiri náà.

"Ọ̀gá, irin tí ẹ fi yí bóòtù nìyí?"

"Òun náà ni."

"Irú ẹnu yìí ni òwú wọ, tó sì jáde láìní àbàwọ́n? Irin yìí ò tíì dé ẹnu ẹnikẹ́ni. Ti ọmọ yìí ni. Tiyín ló wà lọ́fun bàbá. Ẹ wo ògiri yín: kò sí òwú nínú àwòrán kankan."

Olùkọ́ jókòó, ó yọ mẹ́mọ́rì kámẹ́rà nínú àpò.

"Òwú máa ń ba àwòrán jẹ́," ó rọra sọ. "Fọ́nrán iṣẹ́ mi tí mò ń gbé síta ni wọ́n fi mọ̀ mí. Èkejì ni mò ń yí tí irin fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé èmi ni wọ́n á gbà gbọ́."

Ọlọ́pàá fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Ọmọ náà ò kúrò lójú kan.

"Mo rí i pé kò sí òwú lára irin ọ̀gá, sà. Kí wọ́n tó kiwọ́ bọ bàbá lẹ́nu ni mo ti rí i. Ẹ̀rù bà mí. Àwọn ló máa buwọ́ lùwé ẹ̀rí mi."

Ọmọ bàbá ti wọlé. Ó wo akẹ́kọ̀ọ́ náà títí, ó wá ń da omi lójú.

"Bàbá mi ò fẹ́ wá," ó ní. "Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé dókítà méjì ló máa wà lórí wọn."