Àwòrán Tí Máyọ̀kún Kò Tètè Ṣí

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Máyọ̀kún kọ́kọ́ rí. Ó wà lábẹ́ tábìlì, ó ń so wáyà mọ́ wáyà nínú ṣọ́ọ̀bù tuntun tí ọ̀gá rẹ̀ gbà ní Lotto, ní Mowe, nígbà tí ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n fi láàlì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ dúró níwájú rẹ̀. Òjò ti pa bàtà, ẹrẹ̀ pupa ti bá láàlì dàpọ̀, síbẹ̀ ẹsẹ̀ náà lẹ́wà débi pé ó gbàgbé wáyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹni abẹ́ tábìlì," ni ohùn kan wí lókè. "Ṣé ibẹ̀ lẹ ti ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì ni, àbí ẹ máa jáde sí wa?"

Bó ṣe fẹ́ dìde, ó forí gbá igi tábìlì. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ìbòrí rẹ̀ ti tutù. Kúlúsúmù lorúkọ rẹ̀, Ibafo ló ti ń ránṣọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ṣàràfá, tó ti lọ sí Ítálì láti ọjọ́ pípẹ́, ló fi fóònù aládùúgbò pè wọ́n pé òun ti gbé àwòrán òun sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lọ fi han ìyá àwọn.

"Màámi ò tíì fojú kàn án látìgbà tó ti lọ," ni ó wí. "Ẹ bá mi ṣí i. Tó bá ti ṣí, màá mú wọn wá."

Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé nígbà náà. Díìṣì kan ṣoṣo tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì lórí páànù ni gbogbo kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù náà ń pín lò. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Máyọ̀kún fi sídíì kó búráúsà, ètò tí wọ́n fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá rẹ̀ sì ti pàṣẹ pé kó má jẹ́ kí àwòrán máa ṣí nínú gbogbo wọn, kí ọ̀rọ̀ lè máa yára jáde.

Ó fún Kúlúsúmù ní àga. "Ibí lẹ máa kọ àdírẹ́sì sí. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ."

"Ẹ̀rọ ìránṣọ tèmi kì í sùn bí èyí."

Nígbà tó yá, orúkọ Ṣàràfá jáde, ìkíni jáde tẹ̀ lé e. Lábẹ́ rẹ̀, àpótí òfìfo kan ló wà.

"Níbo ni ẹ̀gbọ́n mi wà?"

Máyọ̀kún mọ ibi tó wà. Àmì kékeré kan ni yóò fi sí inú búráúsà náà, àwòrán yóò sì máa bọ̀. Ó la ẹnu láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó wo ojú ọmọbìnrin náà, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ sì ni: "Àwòrán máa ń wúwo. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ kan péré ló fẹ́ jí.

Nígbà tí Kúlúsúmù padà wá, ó ní díìṣì kò ṣe dáadáa. Nígbà tó tún wá, ó ní òjò ni. Ọmọbìnrin náà a gbé ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná wá, a jókòó, a kọ́ bí wọ́n ti ń lọ láti ojú ewé kan sí òmíràn, a sì bá a rán bọ́tìnnì tó já lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ẹ" di "o" láàárín wọn. Máyọ̀kún kọ́ ọ ní ohun gbogbo nípa búráúsà náà, àfi ibì kan.

"Oníkọ̀ǹpútà," ni Kúlúsúmù wí lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iná lọ, tí wọ́n jọ jókòó síta, "tí àwòrán yìí bá ṣí tán, kí ni màá tún máa wá ṣe níbí?"

"Wàá máa wá wò mí."

"Kí ló wà lára rẹ tí mo máa sanwó wò?"

"Tèmi ọ̀fẹ́ ni, olólùfẹ́."

"Olólùfẹ́ ta ni? Ẹ gbà mí o!" Ṣùgbọ́n kò yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ti Máyọ̀kún.

Lọ́jọ́ yẹn ni Máyọ̀kún pinnu pé tó bá tún ti wá, òun yóò ṣí i.

Ó tún wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo jẹnẹrétọ̀ fẹ́ tán, Máyọ̀kún sì sáré lọ ra òmíràn. Nígbà tó gbé jẹ́ríkánì wọlé, Kúlúsúmù ti dìde dúró níwájú kọ̀ǹpútà. Ó ti fúnra rẹ̀ wá inú búráúsà náà káàkiri, nítorí Máyọ̀kún ti kọ́ ọ pé kó má bẹ̀rù ẹ̀rọ. Àwòrán náà ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀: fìlà, iwájú orí, ojú méjèèjì.

"Ó ṣí," ni Máyọ̀kún wí.

"Àmì kékeré kan ni mo fi sí i." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ṣé o mọ̀?"

Máyọ̀kún gbé jẹ́ríkánì sílẹ̀. "Mo mọ̀. Mo fẹ́ kí o máa wá ni."

"Ojú Màámi ti fọ́, Máyọ̀kún. Dókítà ti sọ fún wa pé yóò fọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá síbí, wọ́n ṣì ń rí èèyàn. Níjẹta, wọ́n bi mí bóyá ilẹ̀ ti ṣú. Ọ̀sán gangan ni."

"O ò sọ fún mi."

"Mi ò fẹ́ kí o ṣàánú mi. Mo fẹ́ kí o fẹ́ràn mi ni." Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó jáde.

Máyọ̀kún kò lè sùn, kò lè jẹun. Nígbẹ̀yìn, ó wá ilé wọn lọ sí Ibafo. Ìyá Ṣàràfá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí oòrùn. Máyọ̀kún dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ta ní ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí kò rí i?" ni ìyá náà bi í.

"Èmi Máyọ̀kún ni, mà." Ó sọ gbogbo rẹ̀. Kò ṣe àwáwí kankan.

Ìyá náà yíjú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń wá. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Ìwọ rí i, àbí? Báwo lọmọ mi ṣe rí?"

"Ó dé fìlà, mà."

"Ṣé ó sanra? Ṣé ó ti ń hu ewú?"

Lọ́jọ́ tí àwòrán náà ṣí, ojú Kúlúsúmù nìkan ni Máyọ̀kún ń wò.

"Ewú ti wà ní ẹ̀bátí wọn, Màámi," ni Kúlúsúmù dáhùn láti inú ilé. "Wọ́n sì sanra díẹ̀."

Ìyá náà mi orí sí Máyọ̀kún. "Ọmọ yìí, o ò mọ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan fún ẹlòmíràn. Máa wá síbí, kí o wá kọ́ ọ."

Máyọ̀kún sì ń lọ síbẹ̀ lemọ́lemọ́. A jókòó tì í, a máa sọ ohun tó ń lọ lójú títì fún un, kì í fi kún un, kì í sì yọ kúrò. Kúlúsúmù kì í bá wọn jókòó. Ó pẹ́ kó tó sìn ín dé ojú títì nírọ̀lẹ́ kan.

"Mo ti dárí jì ọ́," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n kò tíì tán nínú mi. Bóyá kò ní tán."

"Ṣé kí n dúró títí yóò fi tán?"

"Rárá. Kí o bá mi gbé e ni." Ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. "Mú àwọn èèyàn rẹ wá sí Ìfọ̀, wá rí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọ́n máa ráhùn pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ́. Màámi ti ní àwọn máa bá wọn sọ̀rọ̀."

Wọ́n ráhùn lóòótọ́, wọ́n sì gbà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Máyọ̀kún dìde lórí àga ọkọ ìyàwó, ó lọ jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ṣàràfá.

"Wọ́n ti ń mú un jáde, mà. Léèsì funfun ló wọ̀, òun ló rán an fúnra rẹ̀. Ó gùn ju àwọn tó mú un lọ́wọ́ lọ."

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

Máyọ̀kún wò ó dáadáa kó tó sọ̀rọ̀.

"Ó ń sunkún, mà," ni ó wí. "Ó sì ń wò wá."